Ẹ̀rọ lésà fún ajá tó ní làkúrègbé: èwo ló tó owó rẹ̀?

Ajá wa ti pé ọdún 11. Bó bá fẹ́ dìde láàárọ̀, ẹsẹ̀ iwájú á ti dúró, ìdí á ṣì wà nílẹ̀, á wá máa wò mí lójú. Làkúrègbé ni dókítà ẹran pè é. Bí ọmọ mi tó wà l'Ékòó ṣe gbọ́, ó fi àwòrán ẹ̀rọ lésà ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: "Màámi, ẹ jẹ́ ká rà á." Ará Iléṣà ni mí o. Òṣómàáló kì í kówó sílẹ̀ láìyẹ ọjà wò.

Ìmọ́lẹ̀ pupa, tàbí irú èyí tí ojú kò rí, ni wọ́n ń tàn sí ibi tó ń dùn kí ìrora àti wíwú lè rọlẹ̀. Dókítà Endre Mester ní Hungary ló fá irun eku ní 1967, tó tan lésà sí wọn lára, tí irun wọn sì yára hù. Eku nìyẹn. Ní ti ajá tó ní làkúrègbé, àwọn ìwádìí kan rí ìyàtọ̀, òmíràn kò rí nǹkan kan.

Agbára ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Kíláàsì ni wọ́n fi ń pín lésà bí agbára rẹ̀ bá ṣe tó. Kíláàsì 3B kì í kọjá mílíwáàtì 500 (mílíwáàtì 1,000 ló pé wáàtì kan). Kíláàsì 4 ju bẹ́ẹ̀ lọ, òmíràn tó wáàtì 10. Àwọn kékeré tó dà bí tọ́ọ̀ṣì lè má ju mílíwáàtì 5 lọ. Ká ní ibi tó ń dùn fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10 lóròó, 10 níbùú, tí a sì fẹ́ kí joule 4 (joule ni wọ́n fi ń wọn agbára ìmọ́lẹ̀ tó bọ́ sára) bọ́ sí orí ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà kan lóròó, kan níbùú. Joule 400 ni gbogbo rẹ̀. Mílíwáàtì 500, tó ń tú ìdajì joule jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan, á ṣe é ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 13. Mílíwáàtì 5? Wákàtí 22! Ajá wo ló máa dúró dè yín?

Kíláàsì 4 yá jù wọ́n lọ, àmọ́ ó ń gbóná, ó lè jó awọ ara, pàápàá ajá onírun dúdú tó ń fa ìmọ́lẹ̀ mọ́ra. Ọwọ́ dókítà ni kó wà. Àti òun àti 3B lè ba ojú jẹ́, nítorí náà ènìyàn àti ajá ló gbọ́dọ̀ bo ojú. Wọn kì í tàn án síbi tí jẹjẹrẹ wà tàbí sí ikùn abo tó lóyún.

Ẹ ó ní kí n gbé e lọ sílé ìwòsàn nígbà náà. Ó dára, ṣùgbọ́n ìgbà méjì sí mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀. Láti Iléṣà gba Ifẹ̀ dé Ìbàdàn, ihò ojú ọ̀nà á ti gba gbogbo ohun tí lésà bá fún un padà. Ẹ pe ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ yín bóyá wọ́n ní i.

Oògùn ìrora bíi meloxicam tí dókítà wọ̀n fún ajá rọrùn lápò jù, bí kíndìnrín bá dá ṣáká. Ẹ má fún un ní oògùn ìrora tiyín. Èmi dín ẹ̀bà ajá wa kù, mo tẹ́ ẹní sórí táìsì tó ń yọ̀. Ó ti ń dìde wéré díẹ̀.

Ọmọ mi ṣì fẹ́ rà á. Mo ní kó bi òǹtajà pé mílíwáàtì mélòó ni. Àwòrán ajá tó ń rẹ́rìn-ín ni wọ́n fi dá a lóhùn.