Iná iwájú tó ń yí tẹ̀lé sítíárìn àti iná kọ́nà: èwo ni kẹ́ ẹ gbé?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra tòkunbọ̀ tẹ́ ẹ wá ń bi mí nípa AFS yìí, ìyẹn iná iwájú tó ń yí tẹ̀lé sítíárìn, ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí. Ọdún mẹ́rin ni mo fi wa jíípù tí iná iwájú ẹ̀ ń yí. Ọkọ̀ tí mò ń wà báyìí, iná ẹ̀ kì í yí, iná kékeré kan ló ní lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó máa ń tàn tí mo bá fẹ́ yà. Mo ti lo méjèèjì, mo sì ti náwó sórí ọ̀kan ju bó ṣe yẹ lọ. Mi ò ní máa ka wáàtì fún yín, ìyẹn wà níbi gbogbo.

Èyí tó ń yí, ẹ̀rọ kékeré kan wà nínú iná fúnra ẹ̀, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á máa wo bẹ́ ẹ ṣe yí sítíárìn àti eré tẹ́ ẹ ń sá, á wá darí iná síbi tẹ́ ẹ ń lọ, nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ó lè yí tó dígírì 15. Iná kọ́nà ní tiẹ̀, kò sóhun tó ń yí níbẹ̀ rárá, gílóòbù tàbí LED kan tó kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni, tẹ́ ẹ bá tẹ tiráfíkétọ̀ tàbí tẹ́ ẹ yí sítíárìn dáadáa, á tàn. Eré kékeré ló wà fún, nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kì í ṣiṣẹ́ tẹ́ ẹ bá ti kọjá nǹkan bíi kìlómítà 40 láàárín wákàtí kan. Ọkọ̀ míì ní méjèèjì.

Lójú ọ̀nà òkè lálẹ́, èyí tó ń yí ló dáa jù, mi ò ní parọ́. Tí mo bá ń lọ sílé l'Adó-Èkìtì, ọ̀nà Iléṣà, Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, Ẹ̀fọ̀n Aláayè ni mò ń gbà, ẹni tó bá mọ òkè Ẹ̀fọ̀n mọ bí kọ́nà ibẹ̀ ṣe rí. Iná tí kì í yí á máa tan igbó tó wà níwájú, ibi tẹ́ ẹ ń lọ gan-an á ṣókùnkùn. Alẹ́ ọjọ́ kan mo rí bàbá kan tó ń ti ọ̀kadà tí ò níná lẹ́yìn kọ́nà kan níbẹ̀, iná ló kọ́kọ́ yà bá a kí imú ọkọ̀ mi tó yà, mo sì ráyè tẹ búréèkì. Iná kọ́nà ò lè ṣe ìyẹn fún yín torí eré tẹ́ ẹ máa sá níbẹ̀ á ti ju 40 lọ.

Ládùúgbò ńkọ́? Iná kọ́nà. Gọ́tà tí wọn ò bò, ọmọdé tó ń sáré jáde látẹ̀gbẹ́ géètì, ibi tẹ́ ẹ ti fẹ́ kọ́ọ́nà ọkọ̀ wọlé níjọ́ tí NEPA mú iná lọ, gbogbo ẹ̀ lẹ máa rí kedere.

Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an ni ọjọ́ tó bá bàjẹ́. Ní tèmi, AFS OFF kàn dédé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú lórí dáṣíbọ́ọ̀dù lálẹ́ ọjọ́ kan, iná méjèèjì wá dorí kodò, títì tó wà níwájú bọ́ńpà nìkan ni wọ́n ń tàn. Tí kọ̀ǹpútà irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ò bá mọ bí ọkọ̀ ṣe dúró mọ́, ó máa ń rẹ iná sílẹ̀ kó má bàa fọ́ ẹni tó ń bọ̀ lójú, ó sì máa ń pa yíyí ẹ̀ tì. Mi ò mọ ìyẹn nígbà yẹn. Ráńwáyà tó kọ́kọ́ wò ó ní ẹ̀rọ inú iná ọ̀tún ló ti kú, pé odidi iná la máa pààrọ̀ torí wọn kì í ta ẹ̀rọ ẹ̀ lọ́tọ̀. Mo lọ ra iná tòkunbọ̀, owó ẹ̀ tó owó táyà tuntun mẹ́rin, a gbé e sí i, AFS OFF ṣì ń ṣẹ́jú. Èyí tó tún wá dùn mí jù ni pé ara ọkọ̀ ìlú Ọba ni wọ́n ti tú iná tí wọ́n tà fún mi yẹn. Apá òsì ni wọ́n ń wà níbẹ̀, dímù wọn máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ sókè lápá òsì níbi tí etí títì wọn wà, àwa sì ti kúrò lápá òsì láti oṣù kẹrin 1972, apá òsì wa ni ọkọ̀ tó ń bọ̀ wà. Iná tòkunbọ̀ yẹn ò sì dorí kodò bíi ti tẹ́lẹ̀, ẹni tí mo bá pàdé lálẹ́ á máa ṣẹ́ fúù láìtì sí mi, bẹ́ẹ̀ dímù ni mo wà. Bí mo ṣe pa ìrìn alẹ́ tì nìyẹn, fún oṣù méjì gbáko.

Ọmọkùnrin kan tó ní síkánà tó dáa, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kó lè sọ ohun tó ń ṣe é, ló wá yanjú ẹ̀. Ó ka kóòdù tó wà níbẹ̀, kò tiẹ̀ wo iná rárá, abẹ́ ọkọ̀ ló wọ̀ lọ. Ó ní, "Dádì, ẹ wá wo nǹkan." Sẹ́ńsọ̀ kan wà lẹ́yìn, lára apá tó di táyà ẹ̀yìn mú, òun ló ń sọ fún kọ̀ǹpútà bóyá ẹrù ti tẹ ẹ̀yìn ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Irin tín-ín-rín kan ló so ó mọ́ apá yẹn, ìpẹtà ti jẹ ẹ́, ó ti já. Mo wá rántí pé lọ́sẹ̀ kan ṣáájú kí AFS OFF tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú la pààrọ̀ ṣọ́kù ẹ̀yìn, ó lè jẹ́ ìgbà yẹn ni wọ́n gbá a. Wọ́n pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀, wọ́n dá iná mi àkọ́kọ́ padà, wọ́n gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú láìsí ẹrù kankan nínú ẹ̀, wọ́n fi síkánà tún un tò, ó tán. Gbogbo ẹ̀ ò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá owó tí mo fi ra iná. Àtìgbà yẹn, tí gálọ́ọ̀pù bá ti gbá ẹ̀yìn ọkọ̀ báyìí, dáṣíbọ́ọ̀dù ni mo máa ń kọ́kọ́ wò.

Citroën DS ti 1967 náà ní iná tó ń yí, wáyà irin ni wọ́n fi so ó mọ́ sítíárìn, kò sí kọ̀ǹpútà níbẹ̀, mẹkáníìkì tó bá fojú sí i lè rí ibi tó ti já. Tòde òní, ẹ gbọ́dọ̀ lẹ́ni tó ní síkánà, tí ẹ ò bá ní, wọ́n á kàn máa fi owó yín wá ibi tó ń ṣe é ni. Iná kọ́nà ọkọ̀ mi yìí kú lẹ́ẹ̀kan, mo ra gílóòbù, mo fọwọ́ ara mi yí i sí i níwájú ilé kí ìrẹsì tó jinná. (Tó bá jẹ́ LED, gbogbo ẹ̀ lẹ máa pààrọ̀, ẹ bèèrè kẹ́ ẹ tó rà.)

Tó bá jẹ́ gílóòbù xenon ni iná ọkọ̀ yín ń lò, D2S àti D4S jẹ́ oríṣi méjì lára ẹ̀: ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi D4S rọ́pò D2S fún yín, wáàtì 35 ni méjèèjì, àmọ́ fóòtì 85 ni D2S ń lò, 42 ni D4S.

Matrix, èyí tó ń pa díẹ̀ lára fúù láìtì kó má fọ́ ẹlòmíì lójú: Audi A8 ti ní in ní 2013, LED 25 nínú iná kọ̀ọ̀kan, àmọ́ 2022 ni Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí i, ibẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú tòkunbọ̀ wa ti ń wá, torí náà ẹ má sanwó lé e lórí ọkọ̀ Amẹ́ríkà tó jáde ṣáájú ìgbà yẹn.

Ẹ má sì rò pé orúkọ ọkọ̀ ti tó. Lexus RX 330 ti 2004 ní AFS, àmọ́ ẹni tó bá san àfikún ni wọ́n fi sí ti ẹ̀, méjì tó jáde lọ́dún kan náà lè má rí bákan náà. Bọ́tìnnì AFS OFF ni kẹ́ ẹ wá.

Tó bá jẹ́ pé òru lẹ máa ń rìn, tọ́nà yín sì jẹ́ Ẹ̀fọ̀n tàbí Ìdànrè, ẹ gbé èyí tó ń yí, ẹ ò ní kábàámọ̀ ìmọ́lẹ̀ ẹ̀. Tó bá jẹ́ ibiṣẹ́, ọjà, ilé ìwé àwọn ọmọ àti márosẹ̀ tó lọ tààrà, iná kọ́nà ti tó. Oṣù tó kọjá ìyàwó mi fẹ́ ra ọkọ̀, ó bi mí, iná kọ́nà ni mo ní kó wá.

Tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ èyí tó ń yí, ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ lọ wò ó. Ẹ kọjú ẹ̀ sí ògiri, ẹ tan iná, ẹ wò ó bóyá méjèèjì dọ́gba. Ọ̀pọ̀ wọn kì í yí tí ọkọ̀ bá dúró, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ wà á díẹ̀, ẹni tó bá kọ̀, ẹ fi ọkọ̀ ẹ̀ sílẹ̀ fún un. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, tí irin tín-ín-rín yẹn bá ti já tàbí tó ti pẹtà, ẹ yọ owó sẹ́ńsọ̀ àti ti síkánà kúrò nínú iye tẹ́ ẹ máa san.