Ìkànnì Tó Ń Tọpa Òfin Ọgbọ́n Àtọwọ́dá ní Àwọn Ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà

Ọdún kan ni mo fi sanwó fún ìkànnì kan tí ó ń bá àwa agbanisíṣẹ́ tọpa òfin ọgbọ́n àtọwọ́dá (AI) láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn ní Amẹ́ríkà.

Ojú ìwé Illinois ni ó wú mi lórí jù. Ó ṣàlàyé yékéyéké pé láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2026, agbanisíṣẹ́ tí ó bá ń fi ọgbọ́n àtọwọ́dá yan òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún ẹni tí ń wáṣẹ́, kò sì gbọdọ̀ fi kóòdù ìfìwéránṣẹ́ àdúgbò, ìyẹn nọ́ńbà tí ń fi ibi tí ènìyàn ń gbé hàn, dọ́gbọ́n ṣojúsàájú nítorí ẹ̀yà ènìyàn. Ìlà ìkẹyìn yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ alámọ̀ràn máa ń fò dá, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ìrẹ́jẹ máa ń gbà wọlé.

Ti Colorado já mi kulẹ̀. Oṣù kẹjọ ọdún 2025 ni àwọn aṣòfin ibẹ̀ sún ìbẹ̀rẹ̀ òfin wọn láti ọjọ́ 1 oṣù kejì ọdún 2026 sí ọjọ́ 30 oṣù kẹfà, ṣùgbọ́n títí di oṣù kọkànlá, ọjọ́ àtijọ́ ni ó ṣì wà lójú ìwé náà, a sì ti fi ọ̀sẹ̀ méjì sáré lásán. Ó dùn mí gidigidi, nítorí ọjọ́ ni a torí rẹ̀ sanwó. Ẹni tí ó bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, kí ó máa fi ojú ara rẹ̀ wo ìkànnì ilé aṣòfin Colorado pẹ̀lú.