Àgbéyẹ̀wò ìtọ́jú TMS tí mo gbà nítorí PTSD, láti ọwọ́ panápaná kan

Inú ṣì ń bí mi bí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Mo gba ẹ̀dà fáìlì mi ní ilé ìtọ́jú tí mo ti gba TMS, ìyẹn ìtọ́jú tí wọ́n ń fi agbára òòfà ta ọpọlọ jí láti ìta agbárí, mo sì rí i pé "aláìsàn kọ ìtọ́jú" ni wọ́n kọ síbẹ̀ fún ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ wọn kan jẹ́ kí ojú mi rí màbo. N kò kọ ìtọ́jú rí. Panápaná ni mí, PTSD, àìsàn ọkàn tí ohun ìpayà tójú èèyàn ti rí máa ń fi sílẹ̀, ló ń bá mi jà, ó sì ti pẹ́ tí èmi àti oorun ti pínyà: òórùn ike tó ń jóná a máa jí mi lóru nígbà tí kò sí iná kankan nítòsí, ilẹ̀kùn tó bá sì ṣàdédé pa dé a máa gbé mi dìde lórí àga kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo lo sertraline, oògùn ìdoríkodò kan, ó dín ìbínú mi kù. Mo jókòó ti onímọ̀ ìtọ́jú ọkàn kan tó ní kí n máa sọ ìtàn iná tó burú jù lọ nínú iṣẹ́ mi ní àsọtúnsọ títí ẹ̀rù rẹ̀ yóò fi rọlẹ̀. Ìyẹn ràn mí lọ́wọ́ gidigidi, ṣùgbọ́n oorun kò padà, ìdoríkodò kò sì fi mí sílẹ̀. Bí mo ṣe dé ìdí òòfà nìyẹn.

Ẹni tó bá ti ń wá ìtọ́jú yìí kiri ti mọ bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́, kò sì yẹ kí n fi ìyẹn gba àkókò ẹnikẹ́ni. Láti ọdún 1985 ni Anthony Barker àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Sheffield ti fi hàn pé èèyàn lè fi òòfà ta ọpọlọ jí láìfi abẹ kan agbárí, ní 2008 sì ni FDA, àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò oògùn àti ẹ̀rọ ìṣègùn ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí ẹ̀rọ àkọ́kọ́ fún ìdoríkodò tí oògùn kò ràn. Ohun tí ìwé ìpolówó ilé ìtọ́jú náà kò sọ, tó sì yẹ kí gbogbo ajagunfẹ̀yìntì, ọlọ́pàá, panápaná àti òṣìṣẹ́ ọkọ̀ áńbúláǹsì mọ̀, ni pé FDA kò tíì fọwọ́ sí TMS fún PTSD fúnra rẹ̀. Ìlànà tí ẹ̀ka ìjọba Amẹ́ríkà tó ń tọ́jú àwọn ajagunfẹ̀yìntì àti ẹ̀ka ètò ààbò wọn gbé jáde ní 2023 sọ pé ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò tó láti gbà á níyànjú fún PTSD, kò sì tó láti ní kí a má lò ó. Mo fi ọwọ́ sọ̀yà fún dókítà tó gbà mí, nítorí pé òun ló sọ gbogbo èyí fún mi lójúkojú kí n tó buwọ́ lùwé. Ó ní ìdoríkodò tó wà lára àìsàn mi ni àwọn fẹ́ fi ẹ̀rọ náà tọ́jú, pé bí oorun àti àlákálàá bá tẹ̀ lé e, inú gbogbo wa yóò dùn. Ó bi mí bóyá irin kankan wà ní orí mi, bóyá gìrì ti gbé mi rí, bóyá mò ń mu ọtí, nítorí pé gìrì ni ewu tó le jù nínú ìtọ́jú yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣọ̀wọ́n gan-an.

Òṣìṣẹ́bìnrin tí wọ́n kọ́kọ́ fà mí lé lọ́wọ́ mọ iṣẹ́ rẹ̀ dójú àmì. Ó ní kí n tẹ́ ọwọ́ ọ̀tún mi sórí ìrọ̀rí, kí n sì jẹ́ kó rọ̀. Ó ń gbé kọ́ìlì, ìyẹn apá ẹ̀rọ tí òòfà ti ń jáde, káàkiri apá òsì orí mi, ó ń dín agbára rẹ̀ kù, ó ń fi kún un, títí àtàǹpàkò mi fi ta pọ́n fúnra rẹ̀, bí ẹni pé ẹlòmíràn fi okùn fà á. Agbára tó mú àtàǹpàkò ta yẹn ni wọ́n fi ń ṣírò èyí tí wọn yóò lò fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan. Ìdá 120 nínú 100 rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń lò fún ìdoríkodò. Lẹ́yìn náà ló sún kọ́ìlì síwájú, ó sàmì sí ibẹ̀. Ó rí i pé mo ń wẹ̀yìn lemọ́lemọ́, n kò sì tíì sọ nǹkan kan tó fi yí àga mi kí n lè máa rí ilẹ̀kùn. Kí ó tó tan ẹ̀rọ, a máa dúró níbi tí mo ti lè rí ọwọ́ rẹ̀, a sì máa sọ pé, "Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ o."

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, kò wá síbi iṣẹ́. N kò bínú sí ìyẹn, kò sí ẹni tí ara kì í ṣe. Wọ́n ti dá àga padà sí bó ti wà tẹ́lẹ̀, ẹ̀yìn mi ló sì kọ sí ilẹ̀kùn. Mo bẹ ẹni tó mú mi wọlé pé kó bá mi yí i. Ó ní, "Ẹ fara dà á, kò ní pẹ́," ó sì jáde. Ẹlòmíràn wọlé láti ẹ̀yìn mi. N kò gbọ́ ẹ káàárọ̀, n kò gbọ́ orúkọ. Ọwọ́ kan ni mo ṣàdédé rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú mi, ó ti orí mi mọ́ ìrọ̀rí, ó sì gbé kọ́ìlì lé e. Mo ti fi ohun ìdí etí sí etí ọ̀tún, ti òsì ṣì wà láàárín ìka mi. Mo sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná." Ẹ̀rọ ti ró.

Ìgbà mẹ́wàá ni kọ́ìlì yẹn ń ró kàkàkà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, egungun agbárí pàápàá sì ń gbé ìró náà wọ etí, ìdí sì nìyẹn tí a kì í fi í tan ẹ̀rọ náà mọ́ ẹni tí etí rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ibi tó gbé e lé kì í tilẹ̀ ṣe ibi tí wọ́n wọ̀n fún mi: ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ń ta, ìpéǹpéjú mi òsì ń ṣẹ́, eyín mi ń gbá ara wọn. Mo bọ́ sílẹ̀. Nígbà tí iyè mi sọ, ẹ̀yìn mi ti wà lára ògiri, mo dojú kọ ilẹ̀kùn, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, òórùn ike tó ń jóná sì kún imú mi. Ó wò mí, ó ní, "Ṣé ẹ ṣì fẹ́ ṣe é ni àbí ẹ ò ṣe mọ́? Ẹlòmíràn ń dúró." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo mú ẹ̀wù mi, mo jáde.

Mo pe alábòójútó ilé ìtọ́jú. Ẹni tó gbé ìpè ní òun yóò jíṣẹ́. Mo tún pè, wọ́n ní kí n kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù íntánẹ́ẹ̀tì. Mo kọ ọ́, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Nígbà tí mo wá bá alábòójútó náà sọ̀rọ̀ tán, ohun tó sọ ni pé, "Ẹ má bínú, sà, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ wa ní ìwé ẹ̀rí." Mo bi í pé ìwé ẹ̀rí wo ló ní kéèyàn máa ta ọpọlọ ẹni tó ní kó dúró. Ó ní òun yóò wò ó.

Bàbá kan tó ti jagun rí, tí a jọ máa ń pàdé níbi tí a ti ń dúró de ìtọ́jú, ni kò jẹ́ kí n pa á tì. Àfọ́kù irin wà lára bàbá náà láti ojú ogun, wọn kò sì jẹ́ kó sún mọ́ kọ́ìlì títí wọ́n fi ya fọ́tò orí àti ọrùn rẹ̀ láti mọ ibi tí irin náà fara pamọ́ sí. Ó ní, "Àbúrò, má bá àwọn tó wà níwájú yìí sọ ọ́ mọ́. Kọ ọ́ ránṣẹ́ sí dókítà fúnra rẹ̀." Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, dókítà ti pè mí, kò sì wí àwáwí kankan. Ó tọrọ àforíjì, ó ní òun yóò wọ̀n mí lákọ̀tun, ó sì fi àlàyé tirẹ̀ sínú fáìlì mi. Ó pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ yàrá yẹn láìkanlẹ̀kùn, kò sì gbọdọ̀ tan ẹ̀rọ kí aláìsàn tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ti ṣe tán. Nígbà tí mo padà lọ, òṣìṣẹ́bìnrin àkọ́kọ́ ti wà níbẹ̀, àga ti kọjú sí ilẹ̀kùn. Ó ní, "Ẹ kú ìrọ́jú o. Ìka yín ni yóò máa pàṣẹ. Bí ẹ bá ti gbé e sókè báyìí, mo ti pa á." Mo gbé e sókè lójú ẹsẹ̀ láti dán an wò, ó sì pa á.

Ẹ̀fọ́rí bá mi jà ní ìbẹ̀rẹ̀, paracetamol sì kápá rẹ̀. Àlákálàá kọ́kọ́ pọ̀ sí i, ó dẹ́rù bà mí, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà síra wọn. Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ sọ pé mo ti ń sùn di ìdájí láìta gìrì. Lọ́jọ́ kan tí mò ń jẹun, ilẹ̀kùn aládùúgbò wa pa dé gbàmù. Mo gbé orí sókè, mo sì tún bá oúnjẹ mi lọ. Àfi ẹni tó ti gbé pẹ̀lú PTSD ló lè mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ fún mi.

Ìwádìí kan wà tó wù mí kí alábòójútó yẹn kà. Ní 2018, ìwé ìròyìn JAMA Psychiatry gbé àbájáde rẹ̀ jáde, lórí ajagunfẹ̀yìntì 164 ní Amẹ́ríkà tí ìdoríkodò wọn kò gbọ́ oògùn. Wọ́n fún àwọn kan ní TMS gidi, wọ́n fún àwọn yòókù ní ayédèrú, èyí tó jọ gidi ṣùgbọ́n tí kì í ta ọpọlọ jí. Nǹkan bí 41 nínú 100 àwọn tó gba gidi ni ìdoríkodò wọn kásẹ̀ nílẹ̀. Nínú àwọn tó gba ayédèrú, ó tó 37 nínú 100. Àwọn kan fi èyí sọ pé òòfà kò wúlò. N kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn ìwádìí mìíràn wà tó fi hàn pé ó ń ṣiṣẹ́, ara tèmi náà sì jẹ́rìí sí i. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni pé ẹni tó ń jí lójoojúmọ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń retí rẹ̀, tí wọ́n mọ orúkọ rẹ̀, tí wọ́n ń bi í bó ṣe sùn mọ́jú, ti ń gba ìtọ́jú kí kọ́ìlì tó ró rárá. Nítorí náà, òṣìṣẹ́ tó wọlé láìkí mi kò ṣàìmọ̀wàáhù lásán. Ó yọ apá kan kúrò nínú ìtọ́jú mi, ó sì fi ìpayà rọ́pò rẹ̀.

Títí di bí mo ti ń kọ èyí, "aláìsàn kọ ìtọ́jú" ṣì wà nínú fáìlì náà lókè àlàyé dókítà, alábòójútó kò sì tíì pè mí padà. Ẹ̀yin tó bá fẹ́ lọ, ẹ bèèrè ẹni tí yóò máa dúró tì yín kí ẹ tó bèèrè irú ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò, kí ẹ sì ní kí wọ́n yí àga yín sí ilẹ̀kùn láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Máàkì tí mo fún wọn jẹ́ 4 nínú 5.