Ẹ̀rọ etí fún ìyá ẹlẹ́rọ ata: bí èyí tí mo rà n'Ìbàdàn ṣe ń ṣiṣẹ́ sí

Ọjà tí mo fẹ́ yẹ̀ wò ni ẹ̀rọ etí, irú èyí tó ń jókòó sẹ́yìn etí, tí rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba ara rẹ̀ wọnú ihò etí, tó sì ń lo bátìrì nọ́ńbà 13. Màmá mi ni mo rà á fún. Owó rẹ̀ ju ti ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun méjì lọ, ẹ sì gbà mí gbọ́, nítorí iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń ṣe ní Mọ́kọ́lá. Ẹni tó bá fẹ́ ná irú owó yẹn, ó yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu ẹni tó ti bá ọjà náà gbé, torí tẹnu ẹni tó ń tà á kì í ní àléébù.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú etí tí à ń sọ. Màmá lọ ata fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ẹ̀rọ méjì ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù wọn, ọ̀kan fún ata, ọ̀kan fún ẹ̀wà, ẹ́ńjìnnì díísù ló sì ń yí méjèèjì lábẹ́ páànù tí kò fi bẹ́ẹ̀ ga. Ẹni tó bá ti gbé abọ́ ata lọ síbẹ̀ rí mọ̀ pé ọwọ́ la fi ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀: ìka kan, ẹ bá mi lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ìka méjì, ẹ jẹ́ kó kúnná. Àwọn onímọ̀ ní ariwo tó bá ti kọjá 85 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì (ìyẹn ni wọ́n fi ń wọn bí ariwo ṣe pọ̀ tó), tí èèyàn ń wà nínú rẹ̀ fún wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, á máa jẹ etí díẹ̀díẹ̀. Mi ò tíì rí ẹlẹ́rọ ata kan n'Ìbàdàn tó fi nǹkan dí etí.

Màmá ò sì lọ sílé ìwé. Àwọn ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin ló lọ. Fùfú tí Màmá ń kiri wà lára owó tí wọ́n fi rán wọn. Ẹ̀jẹ̀ ríru dé lẹ́yìn tí wọ́n bí àbíkẹ́yìn wọn, ìtọ̀ ṣúgà tẹ̀lé e. Nígbà tí bàbá wa kú, àwa ọmọ pàdé, a ní kí Màmá wá sinmi. Wọ́n wá ń gbé yàrá kan nílé mi, a ra tẹlifíṣọ̀n sí i. Ẹni tó ti ń gbé àárín èrò láti kékeré!

Kò pẹ́ tí gbogbo ilé fi gbà pé Màmá ti ń ṣarán. Ìyàwó àbúrò mi wá kí wọn lọ́jọ́ kan, ó gbé tẹ̀tẹ̀ lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Màmá, mo ra ẹ̀fọ́ wá fún yín o." Màmá wò ó láti òkè délẹ̀. "Ẹ̀kọ́ wo? Ìwọ lo fẹ́ wá kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ nílé ọmọ mi?" Ìyàwó bú sẹ́kún. Àbúrò mi ní ogbó ti dé. Àǹtí wa kan ní kì í ṣe ogbó lásán, kí á wádìí rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ríran. Pásítọ̀ fẹ́ dáwọ́ lé ààwẹ̀. À bá gba ààwẹ̀ náà tán, ẹ̀fọ́ ì bá ṣì máa jẹ́ ẹ̀kọ́.

Nọ́ọ̀sì kan tó ń ránṣọ lọ́dọ̀ mi ló ní kí n kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n yẹ etí Màmá wò. Níbi tí a lọ, ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi iná wo inú etí náà, ó yọ ìdọ̀tí tó ti gan síbẹ̀, ó wá mú Màmá wọ yàrá kékeré kan tí ògiri rẹ̀ nípọn. Ó fi nǹkan bo etí wọn, ó fi bọ́tìnnì lé wọn lọ́wọ́: bí ẹ bá ti gbọ́ ohùn, bó ti wù kó kéré tó, ẹ tẹ̀ ẹ́. Mò ń wò wọ́n láti ojú gíláàsì. Bí ohùn náà bá nípọn bíi ti ìyáàlù, kíá ni wọ́n á tẹ bọ́tìnnì. Bó bá ti ń tínrín lọ sókè, wọ́n á kàn jókòó, wọ́n á máa wò mí, pé kí la tiẹ̀ wá ṣe níbí? Nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde fún wa, ìlà tó ń fi bí wọ́n ṣe gbọ́ hàn wà lókè dáadáa lápá òsì, níbi ohùn tó nípọn, ó wá já wálẹ̀ lápá ọ̀tún, níbi ohùn tó tínrín.

Àlàyé tí ọmọkùnrin yẹn ṣe fún mi lẹ́yìn náà nìkan tó owó àyẹ̀wò. Ó ní dò-rè-mí ọ̀rọ̀ wa, ìsàlẹ̀ níbi tí ohùn ti nípọn ló wà, etí bíi ti Màmá ṣì ń gbọ́ ìyẹn. Kọ́ńsónáǹtì bíi f, s, ṣ, k àti t ló wà lókè lọ́hùn-ún, ibẹ̀ ni ariwo sì ti máa ń kọ́kọ́ ba etí jẹ́. Orin ọ̀rọ̀ ń dé ọ̀dọ̀ Màmá, ọ̀rọ̀ gan-an ò dé. Ẹ̀fọ́, ẹ̀kọ́, ẹ̀tọ́, ẹ̀ṣọ́, ọ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀ létí wọn, wọ́n á wá mú èyí tó bá kọ́kọ́ sọ sí wọn lọ́kàn. Ẹni tó bá wà nítòsí á ní iyè wọn ti rà.

Àmọ́ ṣá o, iyè àti etí kì í ṣe àjòjì síra wọn. Ọpọlọ tó ń fi gbogbo agbára wá ohun tí ẹlòmíì sọ, agbára wo ló kù tí yóò fi tọ́jú ọ̀rọ̀ náà pamọ́? Ẹni tí kò bá sì gbọ́ ọ̀rọ̀ mọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í yẹra fún àwùjọ, ìdánìkanwà á tún máa ṣe tirẹ̀. Ìgbìmọ̀ onímọ̀ tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet kó jọ, tí Gill Livingston ti Lọ́ńdọ̀nù ń darí, ka ohun 14 sílẹ̀ ní 2024 tó ń dá kún ewu àrùn ìgbàgbé tí ọwọ́ èèyàn sì lè ká. Sìgá wà níbẹ̀, ọtí àmujù wà níbẹ̀, ìsoríkọ́ wà níbẹ̀, orí tó ti fara pa rí náà wà níbẹ̀. Wọ́n ní bí gbogbo rẹ̀ bá lè kúrò nílẹ̀, ó tó ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún àrùn náà tí a lè dènà tàbí kí a dá a dúró pẹ́. Etí tó ń dí àti ọ̀rá burúkú inú ẹ̀jẹ̀ ló gba ìpín tó tóbi jù, ìdá 7 lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ka ti Màmá: àìkàwé, etí, ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣúgà, ìdánìkanwà, èéfín. Ọwọ́ kan ò gbà á.

Kí ẹnikẹ́ni má wá fi èyí lù yín ní jìbìtì. Oníṣòwò kan tí a kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ sọ fún mi gbangba pé ẹ̀rọ òun ń wo ìgbàgbé sàn. Irọ́ ni. Wọ́n ṣe àyẹ̀wò ńlá kan ní Amẹ́ríkà, ACHIEVE lorúkọ rẹ̀, àbájáde rẹ̀ jáde ní 2023. Àgbà 977 ni wọ́n kó jọ, ẹni ọdún 70 sí 84. Wọ́n fún apá kan ní ẹ̀rọ etí, wọ́n kọ́ apá kejì ní bí àgbà ṣe ń tọ́jú ara. Nígbà tí ọdún mẹ́ta pé, tí wọ́n kó gbogbo wọn pọ̀ wò, ìyàtọ̀ kankan ò sí. Láàárín àwọn tí ewu àrùn náà ti pọ̀ lórí wọn tẹ́lẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ṣiṣẹ́: bí iyè wọn ṣe ń jó rẹ̀yìn fi ìdá 48 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Irú àwọn yẹn ni Màmá mi, ìdí nìyẹn tí mo fi náwó. Ẹni tí kò sí lára wọn, kó ra tirẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ tí yóò máa gbọ́, ìyẹn náà tó.

Àwọn kan á ní àrùn òyìnbó ni àrùn ìgbàgbé. Ní 1992, àwọn dókítà Yunifásítì Ìbàdàn, bíi Adésọlá Ògúnníyì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Indiana, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé àwọn àgbà ẹni ọdún 65 sókè ní Ìdíkàn, àdúgbò kan n'Ìbàdàn níbí, wọ́n ń fi wọ́n wé àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Indianapolis l'Amẹ́ríkà. Ìbéèrè wọn ò nílò ìwé kíkà, wọ́n sì ń bi ará ilé léèrè bí àgbà náà ṣe ń ṣe sí, ohun tó yẹ kí á ti ṣe fún Màmá. Ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 ni pé, nínú 1,000 àgbà, nǹkan bíi 13 ni àrùn náà ń mú lọ́dún kan n'Ìdíkàn, nǹkan bíi 32 ní Indianapolis. Tiwa kéré, ṣùgbọ́n ó wà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, púpọ̀ àwọn àgbà Ìdíkàn ni kò kàwé, gẹ́gẹ́ bíi Màmá. Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wọn kéré sí ti àwọn tọ̀hún, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà wọn náà ò tó tiwọn. Èrò tèmi ni pé ojúde agboolé, níbi tí ẹnu kì í ti í dákẹ́, wà lára ohun tó gbè wọ́n. Yàrá àti tẹlifíṣọ̀n ò lè ṣe ìyẹn.

Ó yá, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ó kéré, àwọ̀ rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ara, kì í hàn. Gèlè ni ìṣòro. Bí gèlè bá ti bo ẹnu ẹ̀rọ, ohùn tó yẹ kó wọ etí á máa padà sínú ẹ̀rọ, á wá máa súfèé fíìì láàárín ìsìn, gbogbo ìjọ á yíjú. Òkè etí ni mo ń wé gèlè Màmá mọ́ báyìí. Bó bá ń súfèé láìsí gèlè, ẹ yẹ rọ́bà inú etí wò: ó ti tú, tàbí kí ìdọ̀tí ti dí i.

Bátìrì 13 ní sítíkà aláwọ̀ ọsàn lẹ́yìn. Afẹ́fẹ́ ló ń mú un ṣiṣẹ́, nítorí náà bí ẹ bá ya sítíkà, ẹ dúró fún bí ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó kì í bọ ẹ̀rọ. Tí ẹ bá ti lè ya á, ẹ lò ó o, ẹ ò lò ó o, ó ti ń kú lọ nìyẹn. Ọmọ mi kékeré ya odindi páálí kan tán, ó lẹ sítíkà mọ́ ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀. Ọ̀kan máa ń tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì; nígbà ọyẹ́ kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ gbígbẹ á ti fa omi inú rẹ̀. Lálẹ́, ẹ ṣí ilé bátìrì sílẹ̀, kí ẹ sì kó ẹ̀rọ sínú ike tó ní hóró tó ń fa omi, nítorí òógùn ń bà á jẹ́.

Àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ le. Màmá á ní, "Àbẹ̀kẹ́, ta ló ń fa aṣọ ya?" Mò ń ṣí ìwé sítáì fún oníbàárà ni. Fáànù ń bí wọn nínú, ohùn ara wọn ń bà wọ́n lẹ́rù, wọ́n yọ ẹ̀rọ olówó ńlá, wọ́n dì í mọ́ igun ìró. A padà lọ, wọ́n so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, wọ́n dín ibi tó pọ̀ jù kù, wọ́n ní kí Màmá máa lò ó díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi mọ́ wọn lára. Èyí tí wọ́n ń tà nínú ọkọ̀ àti lẹ́bàá títì ò ní irú àǹfààní yìí. Gbogbo ohùn ló ń gbé sókè bákan náà, èyí tí etí ń gbọ́ tẹ́lẹ̀ àti èyí tí kò gbọ́, ó sì lè tún ba ìyókù etí jẹ́.

Nísinsìnyí Màmá ti padà sídìí àjọ, wọ́n sì mọ gbogbo ẹni tó jẹ gbèsè. Àwọn àti ìyàwó àbúrò mi jọ ń já ẹ̀fọ́ lójúde. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣì máa ń bi mí ní ohun kan náà láàárọ̀, kí wọ́n tún bi mí lọ́sàn-án, wọ́n sì máa ń gbé omi kaná kí wọ́n gbàgbé e. Ẹ̀rọ ò mú ìyẹn lọ. Nítorí náà a ò fi oògùn ṣúgà àti ti ẹ̀jẹ̀ ríru ṣeré, a sì ń mú wọn lọ rí dókítà tó ń tọ́jú àgbàlagbà. Ẹni tó bá wà n'Ìbàdàn, kó rántí pé ibùdó ìtọ́jú àgbàlagbà Tony Anenih wà ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì, láti 2012.

Mi ò dárúkọ ṣọ́ọ̀bù tí mo ti rà á, torí wọn ò gbé nọ́ńbà mi nígbà tí bátìrì tán lọ́wọ́ wọn, ìjà ìyẹn kò sì tíì parí. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bèèrè bóyá wọ́n ń ta bátìrì déédéé, bóyá àtúntò lẹ́yìn títà wà nínú owó náà, àti ẹni tí yóò ṣe é bí òṣìṣẹ́ wọn bá fiṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀rọ gba ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún lọ́wọ́ mi. Àwọn tó tà á gba méjì. Bí owó iṣẹ́ ọdún bá wọlé, a ó ra ti etí kejì, a ò ní rà á lọ́dọ̀ wọn.