Ọfà tàbí ìlà dídábùú: èwo ló yẹ ìwọ̀n inú AutoCAD?

Bí ẹ kò bá yí nǹkan kan padà, ọfà olórí dúdú, Closed filled, ni AutoCAD, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya àwòrán ilé àti ẹ̀rọ, máa ń fi sí ìpẹ̀kun méjèèjì ìlà ìwọ̀n, ìlà tó ń fi bí nǹkan ṣe gùn tó hàn. Fún ẹ̀yà ẹ̀rọ, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ gé irin á rí ibi tí ìwọ̀n parí sí gan-an.

Pílánù ilé yàtọ̀. Níbi tí ògiri, fèrèsé àti ilẹ̀kùn ti tò tẹ̀lé ara wọn, àyè kì í gba ọfà méjì. AutoCAD á tì wọ́n síta, ìwọ̀n á sì di rúdurùdu. Architectural tick, ìlà kékeré tó dábùú ní dígírì 45, kì í fẹ́ àyè púpọ̀. Òun ni mo fara mọ́ fún ilé pátápátá.

Àmọ́ kò bá ìwọ̀n rédíọ̀sì mu, ìyẹn láti àárín òbíríkítí dé etí rẹ̀, nítorí ìlà dídábùú kì í tọ́ka síbì kan. Ẹ ṣí DIMSTYLE, àṣẹ tí a fi ń to ìrísí ìwọ̀n, ẹ tẹ New, ẹ yan Radius dimensions níwájú Use for, kí ẹ wá fi Closed filled síbẹ̀. Ìwọ̀n yòókù kò ní yí padà. Tí ọfà bá kéré jù lórí ìwé, DIMASZ, ètò tó ń pinnu bí ọfà ṣe tóbi tó, ni ẹ ó fi mú un tóbi; 2.5 ló máa ń jẹ́ nínú ISO-25, ìrísí ìwọ̀n kan tó ti wà nínú AutoCAD.