Ẹ ṣọ́ra o: axle ẹ̀yìn go-kart tí ẹni tó tà á fún mi ní odindi irin ni, páìpù ló fi ránṣẹ́ sí mi

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fọwọ́ ara yín kan go-kart, ìyẹn ọkọ̀ kékeré onítáyà mẹ́rin tí wọ́n fi ń ṣeré, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka èyí kẹ́ ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni tó bá ń ta axle ẹ̀yìn "tó pé pérépéré", ìyẹn axle (irin gbọọrọ tó wà láàárín táyà méjèèjì), bẹ́árìn, sprocket (àwo eléyín tí ṣéènì ń kọ́), húbù (ibi tí wọ́n ń de táyà mọ́) àti búréèkì nínú páálí kan ṣoṣo. Wọ́n ti lù mí ní jìbìtì lórí ẹ̀, owó yẹn dùn mí gan-an, àmọ́ tìtorí owó kọ́ ni mo ṣe ń kọ èyí, àbúrò mi ló wà lórí go-kart yẹn lọ́jọ́ tí táyà ẹ̀yìn já kúrò lára ẹ̀. Ọlọ́run ló yọ ọ́, torí kò tíì sáré púpọ̀.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé. Mo rí axle yẹn lójú ọjà kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tó wà nínú fótò ń dán bíi dígí, ẹni tó ń tà á kọ ọ́ síbẹ̀ pé odindi irin ni, ínṣì 1 ní ìbú, ínṣì 40 ní gígùn. Mo bi í pé ṣé live axle ni lóòótọ́, ìyẹn èyí tóun àti táyà méjèèjì jọ ń yí, ó ní "ọ̀gá mi, ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ́ńjìnì tó bá wù yín ẹ gbé e lé e." Mo ní kó fi caliper (irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn ìbú irin) wọ̀n ọ́n kó ya fídíò ẹ̀ fún mi, ó ní òun ti dì í sínú páálí. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sá. Mi ò sá, mo sanwó, tààràtà sínú àkáǹtì ẹ̀ ni mo sì san án sí torí ó ní tí n bá gba ojú ọjà yẹn san án owó á lé sí i. Nígbà tí ọ̀rọ̀ wá dójú ẹ̀, àwọn tó ni ojú ọjà yẹn ní owó mi ò gba ọ̀dọ̀ àwọn kọjá, kò sóhun táwọn lè ṣe sí i.

Ọjà dé. Sprocket inú ẹ̀, ti ṣéènì 35 ni, ṣéènì tó fi sí i, 41 ni. Ti 35, píìnì kan sí ìkejì ẹ̀ jẹ́ ínṣì 3/8, ti 41 jẹ́ ìdajì ínṣì, wọn ò lè bára wọn lọ láéláé. Mo gbà pé àṣìṣe ni, mo lọ ra ṣéènì míì. Ohun tó tún yà mí lẹ́nu ni pé kò gbẹ́ ojú key (irin kékeré tó máa ń há sprocket mọ́ axle kó má bàa yọ̀) sára axle yẹn rárá, síkúrù kékeré méjì ló di sprocket mú. Mo bi í, ó ní "síkúrù yẹn tó, gbogbo ayé ló ń lò ó bẹ́ẹ̀." Irọ́ ni! Tí sprocket ẹ́ńjìnì bá ní eyín 10, tí tẹ̀yìn ní 60, agbára tó fi ń yí ti di ìlọ́po 6 kó tó dórí axle, síkúrù méjì tó kàn fẹnu sọ ara irin dídán, yíyọ̀ ló máa yọ̀. Tiwa yọ̀. Nígbà tí mo tú u, mo rí ojú ibi tó ti ń ha axle yípo yípo, bí ìgbà téèyàn fi ìṣó fa ilà yí ìgò ká.

Ìgbà tó yá ni mo wá mọ ìdí tí ò fi gbẹ́ ojú key. Axle ínṣì 1, key ínṣì 1/4 ló ń lò, ojú ẹ̀ á sì wọlé tó ínṣì 1/8, bíi mm 3 nìyẹn. Ohun tó fi ránṣẹ́ sí mi, ara ẹ̀ ò nípọn ju mm 3 lọ. Tó bá gbẹ́ ẹ, ihò ni ì bá yọ sí gbangba.

Páìpù ni, ẹ̀yin ará mi. Ó ki irin kúkúrú tó ti gbẹ́ ojú nọ́ọ̀tì sí bọ ẹnu páìpù lọ́tùn-ún lósì, ó fi iná wẹ́dà jó wọn pọ̀, ó fi ẹ̀rọ fá a kó jọ̀lọ̀, ó wá fi nǹkan dídán bò ó. Ẹ sì wá wò ó, láàárín bẹ́árìn àti húbù táyà, ibẹ̀ ni ẹrù ti ń tẹ axle jù lára go-kart, ibẹ̀ gan-an ni ojú jíjó yẹn bọ́ sí. Àbúrò mi yí kọ́nà, mo gbọ́ "gbàà!", táyà ọ̀tún sá lọ, ìdí go-kart ń wọ́ nílẹ̀. Mo gbé ibi tó já sójú: jíjó yẹn ò wọnú rárá, etí ẹ̀ nìkan ló mú, bíi okùn tín-ín-rín, inú páìpù lọ́hùn-ún sì ti dógùn-ún pupa látọjọ́ pípẹ́.

Ẹ gbé axle yín sórí sìkéèlì kẹ́ ẹ tó fi bóòtù kan kàn án. Odindi irin ínṣì 1, mítà kan ẹ̀ á wọ̀n tó kílò 4. Tèmi tó lé díẹ̀ ní mítà kan, kílò 2 lé díẹ̀ ló wọ̀n, pẹ̀lú irin tó kì sí i lẹ́nu. Tẹ́ ò bá ní sìkéèlì, ẹ so ó rọ̀ kẹ́ ẹ fi hámà kàn án jẹ́jẹ́ láàárín, páìpù á dún bí agogo, odindi irin ò ní dún bẹ́ẹ̀, àmọ́ sìkéèlì ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́. Mi ò sọ pé gbogbo axle oníhò ni jìbìtì o, àwọn tí wọ́n ń lò fún go-kart eré ìje, mm 40 tàbí 50, oníhò ni, ṣùgbọ́n irin líle ni wọ́n dìídì fi ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó kì wọ́n lẹ́nu.

Ẹ tún wo bẹ́árìn. Èyí tí nọ́ńbà ara ẹ̀ jẹ́ UCP205, ihò ẹ̀ jẹ́ mm 25, UCP205-16 ni ti ínṣì 1, ìyẹn mm 25.4, àwọn tó ń tà á sì máa ń pa wọ́n pọ̀. Mm 0.4 ò jọ nǹkan lójú, àmọ́ axle mm 25 nínú bẹ́árìn ínṣì 1, síkúrù á tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á máa gbọ̀n, síkúrù á tú, axle á bàjẹ́.

Tẹ́ ò bá rí axle gidi rà, tí ẹ́ńjìnì yín ò sì lágbára púpọ̀, ẹ ṣe èyí tí axle dúró sójú kan tí táyà ń fi bẹ́árìn tiẹ̀ yí lórí ẹ̀, kẹ́ ẹ so sprocket mọ́ táyà kan. Ẹrù nìkan ni axle yẹn ń rù, kì í gbé agbára ẹ́ńjìnì. Òótọ́ ni pé táyà kan ṣoṣo ló ń tì í, tó bá wọ iyanrìn á kàn máa yí lásán, búréèkì náà ò sì ní mú ẹsẹ̀ méjèèjì bíi ti live axle, èmi ṣì fara mọ́ ọn ju páìpù oníjìbìtì lọ.

Mo kàn sí i, mo fi fótò ibi tó já ránṣẹ́, ó ní "ẹ ti lò ó, mi ò gbà á padà mọ́," ó sì dí mi lọ́nà, mi ò lè kọ̀wé sí i mọ́. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà mo tún rí ọjà yẹn lórúkọ míì, fótò kan náà ni, ojú ibi tí nǹkan ti ha àwo búréèkì lápá òsì ṣì wà níbẹ̀, tó rí bíi lẹ́tà V. Tẹ́ ẹ bá rí fótò yẹn, ẹ ní kó gbé axle sórí sìkéèlì lójú fídíò, kó sì fi ojú key hàn yín. Páìpù tó já yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi, mi ò sọ ọ́ nù, ẹni tó bá fẹ́ fi wé tiẹ̀ kó bi mí, màá ya fótò ẹ̀ fún un.