Busboy ń yára, ṣùgbọ́n ìwọ ni yóò máa ṣọ́ àkókò

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni busboy, àkójọ kóòdù kan, wà fún nínú Node.js (ohun tó ń mú JavaScript ṣiṣẹ́ lórí sáfà): ó ń tú fọ́ọ̀mù tó gbé fáìlì wá sí sáfà bó ṣe ń dé, láìdúró kí gbogbo rẹ̀ pé. Fídíò ńlá lè tipa bẹ́ẹ̀ kọjá láìkún mẹ́mọ́rì, ohun tí memoryStorage (ìpamọ́ inú mẹ́mọ́rì) ti Multer, àkójọ kóòdù mìíràn fún irú iṣẹ́ yìí, kò lè ṣe, nítorí odidi fáìlì ló máa ń kó síbẹ̀. Ní ti ìyára, n kò rí àbùkù tí mo lè kà sí i lọ́rùn.

Ọ̀rọ̀ callback, ìyẹn kóòdù tó máa ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ìkéde kan bá dé, ló le. Láti ẹ̀dà 1.0, "close" ni busboy fi ń kéde pé òun ti ṣe tán, ọ̀pọ̀ ènìyàn a sì dá ẹni tó fi fáìlì ránṣẹ́ lóhùn lójú ẹsẹ̀ pé ó ti wọlé. Kíkà fọ́ọ̀mù nìkan ló parí nígbà yẹn. Bí fáìlì bá ń lọ sínú createWriteStream, tí Node fi ń kọ ọ́ sórí dísìkì díẹ̀díẹ̀, ìyókù rẹ̀ lè má tíì dé orí dísìkì, ẹni tó bá sì sáré ṣí i lè bá a lábọ̀. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo ń fi pipeline ti stream/promises kọ fáìlì kọ̀ọ̀kan, mo ń kó àwọn promise (ìlérí pé èsì ń bọ̀) tó ń dá padà jọ, ìgbà tí Promise.all, tó ń dúró de gbogbo wọn, bá sì yanjú lẹ́yìn "close" ni mo tó ń fèsì. Ẹ so catch (tó ń gba àṣìṣe) mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, torí pé láti Node 15, promise tó bá kùnà láìsí ẹni tó gbà á máa ń dá odidi ètò dúró.

Bí ẹ kò bá fẹ́ fáìlì kan, ẹ pe file.resume(), àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ "close" kò ní dún láéláé. Ìwé àlàyé rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló ń kà á kí nǹkan tó bàjẹ́? Èyí tó bí mi nínú jù ni pé fáìlì tó bá kọjá fileSize, ìyẹn òdiwọ̀n ìtóbi tí ẹ fún un, kì í mú àṣìṣe wá: busboy kàn máa ń gé e, ẹni tí kò bá yẹ file.truncated wò yóò sì tọ́jú gígé bí odidi.

Multer, tí wọ́n kọ́ lé busboy lórí, ń gba wàhálà dísìkì yìí ṣe fúnra rẹ̀, nítorí diskStorage rẹ̀, tó ń kọ fáìlì sórí dísìkì, máa ń dúró kí kíkọ parí. Síbẹ̀, req.body (àwọn ọ̀rọ̀ inú fọ́ọ̀mù) lè má tíì pé nígbà tí ó bá pe filename, tó ń sọ fáìlì lórúkọ, àfi kí àwọn ọ̀rọ̀ náà ṣáájú fáìlì. Fún fọ́tò ìforúkọsílẹ̀ lásán, Multer tó. Bí fáìlì bá tóbi, tàbí tó ń lọ tààrà sí S3, ibi ìpamọ́ fáìlì ti Amazon, busboy ni n óò mú.